Bí mo ṣe yọ́ ọbẹ̀ dídì nínú máíkírówéfù

Ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ja ni, 500 g, ó ti dì sínú fíríìsà, ó le koko. Mo fẹ́ kó gbóná dọ́gba kí láfún tó tutù.

Yìnyín kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìgbì máíkírówéfù sára. Ìgbì 2450 MHz ni ti inú ilé ń lò. Òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe ń sọ ìgbì yìí di ooru, loss factor, ń lọ sí bíi 10 fún omi ní 25°C. Ti yìnyín ò tó 0.01. Nítorí náà, ibi tó bá kọ́kọ́ yọ́ ni gbogbo ooru máa ya lọ. Ẹ̀gbẹ́ ọbẹ̀ á ti máa hó, á máa ta sára ògiri, àárín á ṣì le bí òkúta. Iyọ̀ tún ń dá kún un: ọbẹ̀ oníyọ̀ ń gbé ìgbì mì lójú ara, kì í jẹ́ kó wọnú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dì í pẹlẹbẹ nínú ọ̀rá, kó má nípọn ju 3 cm lọ. Èyí tó dì sínú ike áísìkíriìmù gba sùúrù gidi.

Mo kọ́kọ́ wọn agbára ẹ̀rọ náà. Ẹ bu omi lítà kan, ẹ fi tẹmọ́mítà wò ó, ẹ tan án ní páwà tó ga jù fún ìṣẹ́jú 2, ẹ rò ó, kí ẹ tún wò ó. Ẹ sọ iye tó fi gbóná sí i di púpọ̀ ní ọ̀nà 35: wáàtì tẹ́ ẹ ń rí gan-an nìyẹn. Tèmi gbóná sí i pẹ̀lú 19°C, ìyẹn 665, bẹ́ẹ̀ 700 ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Bí iná ò bá lágbára lálẹ́, bó ṣe máa ń rí ládùúgbò wa l'Abẹ́òkúta, kì í ju 14°C lọ, 490 péré.

Mo gbé ọbẹ̀ sínú abọ́ dígí tó fẹ̀, páwà 30%, ìṣẹ́jú 4. Ní 30%, ẹ̀rọ náà á máa tàn, á máa kú fúnra rẹ̀. Ìgbà tó bá kú ni ooru ń rọra wọnú yìnyín. Lẹ́yìn náà, mo da èyí tó ti yọ́ sínú abọ́ mìíràn. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, òun láá máa jẹ gbogbo ìgbì náà. Mo yí èyí tó kù padà, ó sinmi fún ìṣẹ́jú 3, mo tún tan án. Nígbà kẹta, fọ́ọ̀kì ti lè fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́.

Nígbà tí ṣíbí ò kan yìnyín mọ́, mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo kó ẹja sí àárín torí etí abọ́ ló máa ń gbóná jù, mo dé e láìfún un pa. Páwà dé òkè: ìṣẹ́jú 2, mo rò ó, ìṣẹ́jú 2 mìíràn. Epo tó léfòó kì í gba ìgbì púpọ̀, omi ọbẹ̀ ló ń mú un gbóná, nítorí náà ẹ má fo rírò. Bí ẹyin odindi bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́, ó máa ń bú gbàmù.

74°C ni mo ń wá. Mo gún ẹja náà níbi mẹ́ta, torí ibi méjì tó gbóná gan-an lè fi 6 cm jìnnà síra, kí àárín wọn má tíì gbóná. Èyí tó kéré jù jẹ́ 76°C.