Bí A Ṣe Ń Múra Ọkọ̀ Asáré Ojú Pópó Sílẹ̀ fún Pápá Eré Ìje

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọkọ̀ asáré, tó sì fẹ́ gbé e lọ sórí pápá eré ìje, ẹ́ńjìnnì ni ọkàn wọn máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Wọ́n á fẹ́ kí agbára rẹ̀ pọ̀ sí i, kí sálẹ́ńsà rẹ̀ sì dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí wọ́n tó yẹ ohunkóhun mìíràn wò. Èmi kò fara mọ́ ọ̀nà yìí rárá. Ọkọ̀ asáré tó ti ilé iṣẹ́ jáde ní agbára tó ju èyí tí awakọ̀ tí kò tíì mọ pápá lè lò tán. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún un ni ìfaradà ooru. Lójú pópó, oṣù kan lè kọjá kí a má tẹ bíréèkì délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n lórí pápá, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀pọ̀ kọ́nà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, tí ẹ́ńjìnnì yóò sì máa yí kíkankíkan láìsí ìsinmi. Bíréèkì, táyà, ọ́ìlì àti omi rédíétọ̀ ni ooru yìí máa ń kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí náà ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kí a tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọkọ̀ náà wò bó ṣe wà. A ó gbé e sókè lórí ìdúró onírin tó lágbára, kì í ṣe lórí jáàkì nìkan, a ó sì di táyà kọ̀ọ̀kan mú lókè àti nísàlẹ̀, kí a mì ín síwá sẹ́yìn. Bó bá mì, béárìn tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ti ń jẹ. Lẹ́yìn náà, a ó di táyà iwájú mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì; bó bá mì báyìí, ibi tí ọ̀pá ìdarí ti so mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ó yẹ kí a wò. Kí a wo gbogbo rọ́bà tó wà lára ẹsẹ̀ ọkọ̀, bóyá ó ti sán, kí a wo páìpù omi àti fááǹbẹ́líìtì, kí a sì wá ibi tí ọ́ìlì bá ti ń jò. Kí bátìrì dè dáadáa. Àbùkù tó lè bá ọkọ̀ rìn fún ọdún kan lójú pópó lè já a kulẹ̀ láàárín wákàtí kan lórí pápá.

Bíréèkì ni ó yẹ kí owó àkọ́kọ́ lọ sí. Agbára eré tó wà nínú ọkọ̀ kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré rẹ̀: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ tó wúwo tó kìlógíráàmù 1,400, tó ń sáré kìlómítà 200 ní wákàtí kan, tí a sì dá dúró pátápátá, yóò tú ooru tó tó láti mú lítà omi 6 láti 20°C dé ojú híhó sílẹ̀, kìkì láti ara bíréèkì. Kọ́nà tó tẹ̀ lé e kò ní dúró kí irin náà tutù.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ já awakọ̀ kulẹ̀ níbí ni omi bíréèkì. Omi yìí máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, bó sì ti ń fà á ni ìwọ̀n ooru tó fi ń hó ń wálẹ̀. Òdiwọ̀n DOT 4 (DOT ni àmì ìpele tí wọ́n ń kọ sára ìgò omi bíréèkì) ní kí omi bíréèkì tuntun má hó kí ó tó dé 230°C, ṣùgbọ́n bó bá ti fa ọ̀rinrin dé ìwọ̀n kan, 155°C ni òdiwọ̀n náà béèrè. Ti DOT 5.1 jẹ́ 260°C àti 180°C. Bí omi náà bá hó, ìfófòó oru yóò wà nínú páìpù, pẹ́dà yóò sì rì dé ilẹ̀ láìdá ọkọ̀ dúró. Èyí tí wọ́n ṣe fún eré ìje, tó lè kọjá 300°C kí ó tó hó, ni mo gbà níyànjú, ṣùgbọ́n kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ léraléra. Kí a má fi DOT 5 dípò rẹ̀, torí pé sílíkóònù ni wọ́n fi ṣe é, kò sì gbọ́dọ̀ pò mọ́ àwọn yòókù.

Bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ nìyí. A ó kọ́kọ́ ka ìwé ọkọ̀ náà láti mọ táyà tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, èyí tó jìnnà jù sí ìkòkò omi bíréèkì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. A ó ki rọ́bà tí a lè rí inú rẹ̀ bọ bọ́lìtì kékeré tó wà lẹ́yìn kálípà, ìyẹn ohun tó ń ti páàdì mọ́ dísìkì, a ó sì ri ẹnu rẹ̀ kejì sínú ìgò tí a ti bu omi bíréèkì díẹ̀ sí, kí afẹ́fẹ́ má bàa padà wọlé. Olùrànlọ́wọ́ yóò tẹ pẹ́dà, yóò sì dì í mú síbẹ̀. Àwa yóò tú bọ́lìtì náà díẹ̀, omi yóò jáde, a ó sì dè é padà kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kí a tó dè é, afẹ́fẹ́ yóò wọlé, iṣẹ́ á sì di àtúnbẹ̀rẹ̀. Báyìí ni a ó ṣe títí omi tuntun tó mọ́ yóò fi máa jáde láìsí ìfófòó, tí a ó sì máa bu omi kún ìkòkò lókè kí ó má gbẹ. Bó bá kán sára ọ̀dà ọkọ̀, kí a tètè fi omi ṣàn án, nítorí ó máa ń bó ọ̀dà.

Páàdì ló tẹ̀ lé e. Páàdì ojú pópó máa ń pàdánù ìdìmú rẹ̀ bí ooru bá ti pọ̀ jù, nígbà tí èyí tí wọ́n ṣe fún pápá nílò ooru kí ó tó dì dáadáa, ó máa ń dún, ó sì tún máa ń tètè jẹ dísìkì. Ẹni tí kò bá fẹ́ máa pààrọ̀ páàdì nígbà gbogbo lè yan èyí tó wà láàárín méjèèjì, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá wúwo, tó sì ń sáré gan-an, páàdì pápá gidi ni mo fara mọ́. Kí a tó lò ó, a ó fi ojú rẹ̀ mọ dísìkì: a ó sáré, a ó tẹ bíréèkì gidigidi títí eré yóò fi kù díẹ̀, láìdúró, a ó tún sáré, a ó ṣe é léraléra gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe páàdì náà bá ti wí, lẹ́yìn náà a ó wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tutù. Ibi tí ọkọ̀ mìíràn kò sí ni kí a ti ṣe é. Ní ti dísìkì, èyí tó tẹ́jú tàbí tó ní ìlà ni kí a rà, kí a fi èyí tí wọ́n lu ihò sí sílẹ̀, nítorí etí ihò náà ni ìsán sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Bí ooru bá ṣì pọ̀ jù, kí a fa páìpù afẹ́fẹ́ láti iwájú ọkọ̀ lọ sí àárín dísìkì láti inú, kí ó lè gba inú rẹ̀ jáde.

Táyà ni ohun kan ṣoṣo tó so ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ pápá lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú táyà ojú pópó tó dára, torí pé yóò máa dún, yóò sì máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó yọ̀ pátápátá, awakọ̀ á sì rí ìkìlọ̀ gbà. Táyà tó dì mọ́lẹ̀ jù máa ń fi àṣìṣe awakọ̀ pamọ́, nígbà tó bá sì jù ú sílẹ̀, eré ti pọ̀ kọjá àtúnṣe. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gba àfiyèsí, nítorí bí táyà bá gbóná, afẹ́fẹ́ náà á le sí i. Táyà tó wà ní 32 psi ní tútù lè dé nǹkan bí 40 lẹ́yìn ìyípo díẹ̀. Ní kété tí a bá ti kúrò lórí pápá ni kí a ti fi géèjì wọ̀n ọ́n, kí a sì jò ó sí ìwọ̀n gbígbóná tí ẹni tó ṣe táyà náà bá dámọ̀ràn.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa yóò tún fi abẹ́rẹ́ ìwọ̀n ooru gún rọ́bà táyà ní ojú mẹ́ta: etí inú, àárín àti etí òde. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé táyà iwájú ka 80°C ní inú, 84°C ní àárín, tó sì ka 97°C ní òde. Afẹ́fẹ́ kọ́ ni ìṣòro níbí. Etí òde ni ó ń ru ẹrù ọkọ̀ ní kọ́nà, táyà náà sì nílò kí orí rẹ̀ túbọ̀ tẹ̀ sínú. Bí àárín bá gbóná ju etí méjèèjì lọ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Bí etí méjèèjì bá gbóná ju àárín lọ, ó ti kéré jù. Ojú táyà máa ń tètè tutù, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn abẹ́rẹ́ ju ẹ̀rọ tí a ń nà sí i láti òkèèrè lọ.

Títẹ̀ tí orí táyà tẹ̀ sínú yìí ni àwọn oníṣẹ́ aláímẹ́ǹtì ń pè ní káńbà. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú pópó, kì í sábà ju dígírì kan lọ níwájú. Fún pápá, dígírì 2 sí 3.5 ni a sábà máa ń ṣe é. Bó bá ti ń pọ̀ sí i, etí inú táyà yóò máa tètè jẹ lójú pópó, nítorí náà kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ kan náà lọ síbi iṣẹ́ má ṣe kọjá ohun tí táyà fi hàn pé ó nílò.

Ní ti ọ́ìlì, ewu méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ooru, èyí tí géèjì ìwọ̀n ooru ọ́ìlì àti rédíétọ̀ ọ́ìlì lè ràn wá lọ́wọ́ láti kápá. Bó bá ti kọjá 130°C, kí a dẹwọ́ eré. Èkejì ni pé ní kọ́nà gígùn, ọ́ìlì á rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú àwo rẹ̀, páìpù tó ń fà á yóò sì fa afẹ́fẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ló lè gbà kí béárìn inú ẹ́ńjìnnì bàjẹ́. Kí ọ́ìlì kún dé àmì òkè, kí a sì fi àwo tó ní ìdènà nínú sí i bí táyà wa bá dì mọ́lẹ̀ gan-an. Kí omi rédíétọ̀ jẹ́ tuntun, kí ìdérí rẹ̀ sì dára, nítorí pé títì tó ń ti omi náà pa ni kò jẹ́ kí ó tètè hó.

Ọ̀rọ̀ ààbò ni mo fẹ́ kí ẹ kà pẹ̀lú àfarabalẹ̀ jù lọ, nítorí pé àtúnṣe tí a bá ṣe ní ìlàjì lè léwu ju kí a má ṣe é rárá lọ. Ìjókòó tó gbá ara mọ́ra dára, nítorí kò ní jẹ́ kí awakọ̀ máa fi ọwọ́ ìtọ́kọ̀ gbé ara rẹ̀ ró. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì eré ìje máa ń de ènìyàn mọ́ ìjókòó ní òòró gbọnrangandan. Bí ọkọ̀ bá ṣubú yí, tí òrùlé sì wó wálẹ̀, kò ní lè tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀ láìsí ọ̀pá irin tó ń gbé òrùlé ró. Kéèjì onírin kíkún pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀ lójú pópó, torí pé orí tí kò dé àṣíborí lè gbá irin náà. Fún ọkọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ọ̀pá tí a dè sẹ́yìn ìjókòó iwájú nìkan ni mo fara mọ́. Okùn èjìká kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju dígírì 20 lọ sẹ́yìn èjìká, kí okùn àárín itan sì wà, kí ara má bàa yọ́ gba abẹ́ bẹ́líìtì. Àṣíborí tó ní àmì SA ti Snell, àjọ tó ń dán àṣíborí wò, ni kí a rà, kì í ṣe M tí wọ́n ṣe fún alùpùpù, nítorí SA ni wọ́n dán wò fún iná. Bí a bá ti ń lo bẹ́líìtì eré ìje, kí HANS tó ń dáàbò bo ọrùn wà pẹ̀lú rẹ̀.

Dídín ìwúwo kù ń ran bíréèkì, táyà àti ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà kí a yọ táyà àfipamọ́ àti gbogbo ẹrù kúrò lọ́jọ́ pápá. Kí a má fọwọ́ kan ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì gidigidi.

Bí a bá fẹ́ tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe, kí a pààrọ̀ sìpíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì pọ̀, torí pé sìpíríǹgì líle pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ yóò jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò. Kí a má rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀ jù. Bí iwájú bá kọ̀ láti wọ kọ́nà, kí a mú ọ̀pá ìdènà títẹ̀ tó wà lẹ́yìn le sí i, tàbí kí a dẹ ti iwájú. Ohun kan ṣoṣo ni kí a yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé. Agbára ẹ́ńjìnnì lè wá tẹ̀ lé èyí, nígbà tí olùkọ́ awakọ̀ bá ti jókòó tì wá, tí bíréèkì àti ooru ọ́ìlì sì ti dúró déédéé fún ọjọ́ kan gbáko.

Kí a ka ìwé adójútòfò wa pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò kan ìjàǹbá orí pápá, kí a sì wádìí òfin pápá náà. Ní Nürburgring Nordschleife ní Jámánì, tí ìyípo rẹ̀ tó kìlómítà 20.8, òfin ojú pópó ló ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i fún gbogbo ènìyàn, ọkọ̀ tí kò bá bófin ojú pópó mu kò sì lè wọ ibẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ìyípo àkọ́kọ́ wà fún mímú táyà àti ọ́ìlì gbóná, ìyípo tó kẹ́yìn sì wà fún mímú bíréèkì tutù, láìfi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí a bá dúró, kí a fi ọkọ̀ sínú gíà, kí a fi igi há táyà, kí a má fa bíréèkì ọwọ́, nítorí páàdì tó gbóná lè lẹ̀ mọ́ dísìkì. Bí rímù bá ti tutù, kí a fi sípánà olóṣùwọ̀n tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ dè sí ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ, kí a wo bí páàdì ṣe nípọn tó, kí a sì wọn ọ́ìlì. Kí a tó gba ojú pópó padà sílé, kí a fẹ́ táyà padà sí ìwọ̀n tútù rẹ̀, kí a sì tẹ bíréèkì wò ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ní ibi tó ṣófo.