Bí mo ṣe ń gbé orin Tallis kúrò ní F lọ sí G

Ẹni tó bá ń fi tóníìkì sóólùfà (doh, ray, me) kọrin ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́ láì mọ̀. Bàbá tó kọ́ mi lórin á kàn fi bírò pa "Doh is F" rẹ́ lókè ìwé, á kọ G rọ́pò rẹ̀, ó bùṣe. Doh ṣì ni doh, soh ṣì ni soh. Orin stáàfù, èyí tí a kọ sórí ìlà márùn-ún, ni kì í gbà bẹ́ẹ̀: gbogbo nóòtì ló gbọ́dọ̀ kó ẹrù lọ sílé tuntun. MuseScore, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ orin sílẹ̀, ni mo fi ń kó ẹrù náà, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ ká mú "If ye love me" ti Thomas Tallis, olórin ará Ẹ̀ńgíláńdì, tí John Day tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1565. Ohùn mẹ́rin ni, àwọn ọkùnrin ni wọ́n sì kọ ọ́ fún, nítorí náà ohùn òkè kò ga rárá. Bí àwọn ìyá inú kwaya wa bá kọ ọ́ ní F, ńṣe ló ń dún bí ẹni tó ń kùn sínú. Mo máa ń gbé e lọ sí G.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé mo ń ba iṣẹ́ Tallis jẹ́. Ó kú ní 1585, fọ́ọ̀kì tí a fi ń wá ohùn kò sì dé ayé títí di 1711. F tí wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà yẹn kì í ṣe F ti dùùrù wa. Ní Ítálì pàápàá, tí wọ́n bá kọ orin sínú kiléèfù (àmì iwájú ìlà tó ń sọ orúkọ nóòtì) tó ga, àwọn akọrin mọ̀ pé àwọn lè sọ ọ́ kalẹ̀ ní fourth tàbí fifth, bíi láti fah sí doh tàbí láti soh sí doh.

Ẹ ṣí fáìlì náà, ẹ tẹ Ctrl+A kí gbogbo rẹ̀ lè wọlé, àti ìlà ọ́gàànù bó bá wà níbẹ̀. Ẹ lọ sí Tools, lẹ́yìn náà Transpose. Ẹ mú Chromatically, By interval, Up, Major second. Ẹ rí i pé ẹ fi àmì sí Transpose key signatures. Fláàtì (àmì tó ń sọ nóòtì kalẹ̀ díẹ̀) kan níwájú orin á di ṣáàpù (àmì tó ń gbé e sókè díẹ̀) kan.

Ẹ má ṣe fọwọ́ kan Diatonically. Mo tẹ̀ ẹ́ nígbà kan, mo sì ti tẹ ẹ̀dà 30 kí n tó mọ̀. Kwaya bẹ̀rẹ̀, ọmọkùnrin tó ń tẹ ọ́gàànù gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kú?" Fláàtì orí B ṣì wà níbi tó wà, nóòtì ló sún sókè, ni gbogbo doh bá di ray, gbogbo me di fah. Orin ayọ̀ di orin òkú.

To key, àṣàyàn kejì sí By interval, náà ní wàhálà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ orin ayé ìgbà náà kì í ṣe méjọ̀ tàbí máínọ̀, ọ̀nà méjì tí a fi ń to nóòtì orin lónìí. Ẹ wo orin tó parí sórí G, tó ní fláàtì kan ṣoṣo. Ẹ fẹ́ kó parí sórí A, ẹ wá yan C major/A minor. Orí D ló máa parí sí! Iye fláàtì àti ṣáàpù ni kọ̀ǹpútà ń wò, kò mọ ibi tí orin fìdí sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo By interval nígbà gbogbo.

Ibi tó ń jẹ́ kí n pẹ́ sùn ni àwọn ṣáàpù kéékèèké tí olóòtú òde òní ń fi sórí nóòtì. Àwọn akọrin ìgbà yẹn mọ ibi tí wọ́n ti ń gbé ohùn sókè ní ìparí gbólóhùn, wọn kò nílò kí ẹnì kan kọ ọ́. Bí olóòtú bá tẹ àmì náà bí ọ̀rọ̀ lásán, MuseScore kò ní yí i padà, kò sì ní dún. Ká ní F ni, ṣáàpù wà lórí rẹ̀, kò sí fláàtì kankan níwájú orin. Tí ẹ bá sọ orin náà kalẹ̀ ní Major second, fláàtì méjì á wọlé, F á di E fláàtì. Nátúrà, àmì tó ń pa fláàtì rẹ́, ló yẹ kó wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣáàpù àná ló ṣì jókòó síbẹ̀. Mo máa ń wá wọn níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀dà àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹ wo kiléèfù tẹ́nọ̀ náà. Bí kò bá sí 8 kékeré lábẹ́ rẹ̀, tẹ́nọ̀ á máa dún lókè pẹ̀lú sòpránò nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ọ. Nóòtì tó bá di ìyeyè tàbí pupa ti kọjá agbára ohùn tó ni ín.

Kí n tó pín ìwé, mo ṣì máa ń fi bírò kọ "Doh is G" sókè ti àwọn àgbà tẹ́nọ̀ wa méjèèjì, nítorí stáàfù kò kàn wọ́n.