Bí A Ṣe Ń Gba Gbèsè Ẹni ní Filipínì Láì Gba Lọ́yà

Àwọn àgbà wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ní orílẹ̀-èdè Filipínì, òfin fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn aládùúgbò tó ń jà sí owó kọ́kọ́ jókòó níwájú àwọn àgbà àdúgbò kí wọ́n tó forí lé kóòtù. Ọdún 1978 ni ètò yìí bẹ̀rẹ̀, ó sì wà nínú òfin ìjọba ìbílẹ̀ wọn ti 1991 títí dòní. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n jẹ lówó ló ń dákẹ́ nítorí ìbẹ̀rù owó lọ́yà, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí kò gba lọ́yà láàyè rárá.

Ká ní obìnrin kan ní sari-sari, ìyẹn ìsọ̀ kékeré ẹnu ọ̀nà ilé, ní Quezon City, tó sì yá aládùúgbò rẹ̀ ní 60,000 pésò. Oṣù 8 ti kọjá, ẹni tó yáwó kàn ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. Ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀?

Kó kọ́kọ́ kó ẹ̀rí jọ: ìwé àdéhùn, rìsíìtì, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù tí onígbèsè ti sọ pé òun á san án. Bí àdéhùn bá wà ní kíkọ, ọdún 10 ni òfin fún un láti pẹjọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ọdún 6 ni. Kó tún wo ìwé náà dáadáa bóyá wọ́n kọ èlé sí i, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ayánilówó ti ń kọsẹ̀. Ní Filipínì, èlé tí ẹ kò bá kọ sílẹ̀, ẹ kò lè fi òfin gbà á. Àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ mọ yíyá owó tí wọ́n ń pè ní "5-6", tí ẹni tó yá 5 yóò dá 6 padà, àmọ́ bó bá ti jẹ́ ẹnu nìkan ni wọ́n fi sọ ọ́, ojú owó nìkan ni kóòtù máa rí.

Lẹ́yìn náà, kó kọ lẹ́tà sí onígbèsè. Kó sọ iye owó náà, bí gbèsè ṣe wáyé, àti ọjọ́ tí òun fẹ́ gbà á. Kó fi í ránṣẹ́ lọ́nà tí ẹ̀rí yóò fi wà pé ó dé ọwọ́ ẹni náà, torí láti ọjọ́ yẹn ni kóòtù ti lè máa ka èlé 6 nínú 100 lọ́dún, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ èlé sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kó má ṣe fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ nínú lẹ́tà náà. Òfin ìpìlẹ̀ wọn ti 1987 sọ ọ́ kedere pé a kò gbọ́dọ̀ ju ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n nítorí gbèsè. Ẹni tó kọ ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí ní ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, lábẹ́ òfin 1979. Nítorí náà, ẹ̀yin tí àwọn ayánilówó orí fóònù ń fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà lójoojúmọ́, ẹ fọkàn balẹ̀: ẹ jẹ gbèsè, ẹ kò dá ọ̀ràn.

Bí lẹ́tà kò bá so èso, ó di barangay. Barangay ni ìjọba tó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì lé ní 42,000. Bí barangay àwọn méjèèjì bá yàtọ̀ síra nínú ìlú kan náà, ti onígbèsè ni wọ́n máa lọ. Ẹ lè fẹnu sọ ẹjọ́ yín, ẹ sì lè kọ ọ́. Owó táṣẹ́rẹ́ ni ẹ máa san. Olórí barangay gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ pe onígbèsè kó tó di òpin ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, ó sì ní ọjọ́ 15 láti ìjókòó àkọ́kọ́ láti là wọ́n. Bí kò bá rí i ṣe, àwọn méjèèjì á jọ yan èèyàn 3 nínú ìgbìmọ̀ onílàjà tí wọ́n ń pè ní lupon. Àwọn náà ní ọjọ́ 15, wọ́n sì lè fi 15 mìíràn kún un.

Ẹ má ṣe pa ìpè jẹ o. Olùpẹjọ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti wá lè pàdánù ẹ̀tọ́ láti gbé ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù.

Bí wọ́n bá gbà fún ara wọn, kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè tí àwọn méjèèjì gbọ́, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Kí wọ́n kọ ọjọ́ àti iye ìsanwó kọ̀ọ̀kan. "Màá máa san án díẹ̀díẹ̀" kò tó. Bí ọjọ́ 10 bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò wá sọ pé ẹ̀tàn tàbí ipá ló mú òun fọwọ́ sí i, ìwé yẹn ti di ìdájọ́. Láàárín oṣù 6, lupon fúnra rẹ̀ lè mú un ṣẹ.

Bí kò bá sí àdéhùn, ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé ẹ gbìyànjú. Láìsí i, kóòtù lè da ẹjọ́ náà nù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ló ń gba barangay kọjá. Kọ́ńpìnnì tó forúkọ sílẹ̀ lè lọ sí kóòtù tààrà, ọ̀rọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ sì jẹ́ ti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́: wọ́n á fi ọjọ́ 30 làjà, kó tó kan àwọn adájọ́ òṣìṣẹ́. Ọdún 3 péré ni òṣìṣẹ́ ní láti béèrè owó rẹ̀.

Ní kóòtù ìlú, láti oṣù kẹrin 2022, gbèsè tí kò ju 1,000,000 pésò lọ ní ọ̀nà ìrọ̀rùn tirẹ̀. Fọ́ọ̀mù wà nílẹ̀, lọ́yà kò gbọ́dọ̀ gbẹnu sọ fún ẹnikẹ́ni níbi ìgbẹ́jọ́, ẹni tí kò lówó sì lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má gba owó ìpẹjọ́ lọ́wọ́ òun. Gbogbo ẹ̀rí yín ni kí ẹ so mọ́ fọ́ọ̀mù náà, torí èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ lè má wọlé mọ́. Olùjẹ́jọ́ ní ọjọ́ 10 láti fèsì. Adájọ́ gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ láàárín wákàtí 24 tí ìgbẹ́jọ́ bá parí, kò sì sí pé à ń pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí onígbèsè kò bá wá san án lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà lọ béèrè àṣẹ ìmúṣẹ lọ́wọ́ kóòtù náà, òun ni òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní sheriff máa mú dání lọ bá a.