Bátìrì dírììlì tó ń dúró de Ojúde Ọba

Dírììlì mi kì í ṣiṣẹ́ ju ìgbà mẹ́ta lọ lọ́dún. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá ni ọwọ́ mi máa ń kàn án jù, nígbà tí ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde bá ń múra de Ojúde Ọba: kọ́tìnnì tuntun, fọ́tò Bàbá tí a fẹ́ gbé kọ́, ìlẹ̀kùn tí híńjì rẹ̀ ti yẹ̀. Bátìrì tí mo kọ́kọ́ rà kò rí Ojúde Ọba kejì. Mo lò ó títí tí kò fi lè yí ìdè mọ́, mo wá gbé e sí yàrá alápáànù tó wà lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ọdún yípo, mo kì í bọ ṣájà, ṣájà kò dá a mọ̀. Ọmọ àbúrò mi ní kí n jẹ́ kí òun fi wáyà jí i. Mo kọ̀, torí bátìrì tó ti kú tó bẹ́ẹ̀ lè gbiná. Iṣẹ́ kọ́ ló pa á. Òfìfo àti ooru ni.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá lo tiyín tán, ẹ ṣáàjì rẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì kí ẹ tó gbé e pamọ́. Tó bá jẹ́ èyí tó ní iná kéékèèké mẹ́rin lára, kí méjì tàn. Ẹ má jẹ́ kó kún dẹ́nu, torí bó bá kún tó sì wà nínú ooru fún oṣù mélòó kan, agbára rẹ̀ á máa dín kù. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára dírììlì. Ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ni tèmi wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ òkè, torí ibẹ̀ ló tutù jù nínú ilé wa. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni mo ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ bá ku ọ̀la ni mo tó ń ṣáàjì rẹ̀ kún.

Ní ti rírà, Li-ion, irú bátìrì tó ní lítíọ́mù nínú, ni kí ẹ wá. Ni-Cd, irú bátìrì àtijọ́, máa ń yára gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbówó lé 20V (V ni fóòtì, ìwọ̀n iná bátìrì) nítorí pé ó ju 18V lọ: sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn bátìrì kéékèèké, márùn-ún tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, 20V kàn jẹ́ ti ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún ni. Ah, ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́, ló ń sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́. 2Ah tó fún kọ́tìnnì, kò sì wúwo. Bátìrì ilé-iṣẹ́ Makita kò wọ dírììlì ilé-iṣẹ́ DeWalt o.

Tó bá gbóná lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó tutù kó tó rí ṣájà. Èyí tó bá ti wú, ẹ má ṣáàjì rẹ̀ mọ́, ẹ má sì jù ú sínú pàǹtí tí ẹ máa sun.