Bí ẹ ṣe lè mọ ibi tí ojú yín kò rí

Wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwa tí a ń ṣe nọ́ọ̀sì ojú mọ̀ pé àfojúbà gan-an ní ihò nínú. Ihò yẹn wà lójú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín.

Ẹ mú bébà funfun àti báírò. Ẹ ya àmì àgbélébùú kékeré sápá òsì. Ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 10 sápá ọ̀tún, kí ẹ ya róbótó dúdú tó tó èékánná síbẹ̀. Ẹ fọwọ́ bo ojú òsì, ẹ na bébà náà síwájú tán, kí ẹ fi ojú ọ̀tún nìkan wo àgbélébùú. Ẹ má wo róbótó yẹn o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Ẹ wá máa fa bébà súnmọ́ra díẹ̀díẹ̀. Tó bá ku bíi sẹ̀ǹtímítà 35 sí 40, róbótó á pòórá.

Ihò tí mo wí nìyẹn. Ibi tí iṣan ìríran gbà jáde lẹ́yìn ẹyinjú ni, kò sí ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Edme Mariotte, ará Faransé, ti gbé e jáde ní 1668.

Ẹ wá fi rúlà fa ìlà la róbótó náà kọjá, kí ẹ tún un ṣe. Róbótó á lọ, ìlà á dúró gbọnrangandan, kò ní gé. Ta ló ya ìlà yẹn? Ọpọlọ yín ni. Kò sọ fún yín pé òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wo etí ihò náà, ó sì dí i. Ìdí nìyí tí ẹni tó búra pé "ojú mi ló ṣe" fi lè máa sọ òótọ́ inú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà má sì rí bẹ́ẹ̀.

Àìsàn glaucoma ń pa iṣan yìí kan náà, kì í sì í sábà dunni. Ẹ̀gbẹ́ ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, ọpọlọ á sì máa dí i. Bàbá awakọ̀ takisí kan wá sọ́dọ̀ wa n'Íbàdàn. Ọmọ wọn ló fà wọ́n wá, torí dígí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ wọn kàn ń fọ́ ṣáá ni. Wọ́n ka lẹ́tà ara ògiri dé ìsàlẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ rí i? Ojú mi dá ṣáṣá." Mo jókòó kọjú sí wọn, mo ní kí wọ́n bo ojú òsì, kí wọ́n máa wo imú mi. Mo ń mi ìka lápá ọ̀tún wọn, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú wọn kí wọ́n tó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti dé."

Ẹ lè ṣe ti ìka yìí fún ará ilé yín. Ẹ jókòó kọjú síra, bíi mítà kan. Bí òun bá bo ojú òsì, kí ẹ̀yin bo ọ̀tún, kí ìka wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì, kó máa ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ jọ rí i lẹ́ẹ̀kan náà ni. Tó bá yege, ẹ má tìtorí ìyẹn jókòó sílé. Ìka kì í mú ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn náà. Ẹni tó bá ti lé ní ẹni ọdún 40, tàbí tí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní i, kó lọ kí wọ́n wọn ìfúnpá ojú rẹ̀, kí wọ́n sì wo iṣan náà. Ibi tó bá ti kú kì í padà, ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n ń kán sójú lè dáàbò bo ìyókù.