Kí Olú Igbó Tó Wọ Ìkòkò ní Ìparí Ìwọ́wé

Tí ewé bá ti wọ́ tán, tí òtútù sì ti ń mú, ọ̀pọ̀ olú ti kógbá sílé. Lára àwọn tó ṣì máa ń wà lórí igi ni Flammulina velutipes, tó ń hù ní ṣùùrù lára kùkùté, àti Pleurotus ostreatus, tó ń tò lé ara wọn lára ìtì. Méjèèjì ṣe é jẹ. Àmọ́ Galerina marginata náà ń hù lára igi jíjẹrà lásìkò kan náà, apani sì ni.

Ẹ mú ọ̀kan dání, kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Flammulina kì í ní òrùka lẹ́sẹ̀. Tó bá ti gbó, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúdú, á sì rí lọ́wọ́ bí aṣọ àrán. Galerina sábà máa ń ní òrùka tín-ín-rín, ṣùgbọ́n òrùka yẹn lè já dànù. Nítorí náà, ẹ gé orí olú, ẹ dà á dojú bolẹ̀ sórí bébà, kí ìdajì rẹ̀ wà lórí funfun, ìdajì lórí dúdú, kí ẹ fi abọ́ bò ó mọ́jú. Lẹ́búlẹ́bú tí Flammulina ń gbọ̀n sílẹ̀ funfun. Ti Galerina pọ́n bí irin tó dípẹtà. Àwọn méjèèjì lè jọ wà lórí kùkùté kan, torí náà ẹ yẹ olú kọ̀ọ̀kan wò.

Funfun nìkan kò tó ẹ̀rí o. Ti Amanita phalloides, olú apani mìíràn tó ń hù nílẹ̀ nítòsí igi, funfun bákan náà. Àpò kan wà nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí iyẹ̀pẹ̀ máa ń bò. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ gé e lókè ti fi àmì tó yẹ kó kìlọ̀ fún un sílẹ̀. Ẹ wú u tìdí-tìdí.

Pé ìgbín jẹ olú kan kò ní kó má pa ènìyàn. Síse àti sísá kò sì ran májèlé inú Galerina àti Amanita yìí. Ní tèmi, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ olú wíwá má jẹ èyíkéyìí tí ẹni tó mọ olú dunjú kò tíì fojú rí.

Ẹ fi ọ̀kan lára olú tí ẹ fẹ́ jẹ pamọ́ ní tútù láìsè. Tí ènìyàn bá jẹ olú apani wọ̀nyí, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru lè má bẹ̀rẹ̀ títí wákàtí 6 sí 24. Lẹ́yìn náà, ara á fẹ́ dà bíi pé ó ti yá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ ló ń bàjẹ́ lọ. Ẹ má dúró wo bí yóò ṣe rí: ẹ gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú olú tí ẹ fi pamọ́ yẹn dání.