Bí Ẹ Ṣe Máa Gbádùn Georgia Aquarium Tí Ẹ Bá Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Atlanta

Ẹ̀yin ará wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Atlanta àti agbègbè rẹ̀, bí àwọn ọmọ bá ti gba ìsinmi níléèwé, tàbí tí ìyá bá ti ilé wá bá yín tọ́mọ, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi ní kí ẹ kó wọn lọ wo ẹja ní Georgia Aquarium. Ẹ lọ o, ó dára. Ṣùgbọ́n owó ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ilé náà sì tóbi débi pé ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe tò ó lè rìn títí á fi rẹ̀ ẹ́, kó sì jáde láìrí ohun tó tìtorí rẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti tíkẹ́ẹ̀tì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti rà á kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ máa yan ọjọ́, ẹ máa yan aago tí ẹ fẹ́ wọlé, iye rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan. Sátidé àti àkókò ìsinmi máa ń wọ́n ju àárín ọ̀sẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ yẹ kàlẹ́ńdà wọn wò dáadáa. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kì í sanwó. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa padà wá láàárín ọdún kan náà, ẹ fi owó káàdì ọlọ́dọọdún wé ti tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìsanwó. Àlejò tó wá fún ọ̀sẹ̀ kan péré lè wo CityPASS, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì kan tó kárí ibi ìgbafẹ́ mélòó kan, torí pé ó kárí World of Coca-Cola, ilé ìtàn Coca-Cola tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ náà.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà kò jìnnà sí agbo ilé àwọn àgbà wa: gbọ̀ngàn ńlá kan wà láàárín, ẹnu ọ̀nà àwọn ìsọ̀rí sì yí i ká. Ẹ máa wọ ọ̀kan, ẹ máa jáde padà sí gbọ̀ngàn, ẹ máa wọ òmíràn. Kò pọn dandan kí ẹ tẹ̀ lé èrò. Bí èrò bá kún ẹnu ọ̀nà kan, ẹ yà sí ibòmíràn ná. Kí gbogbo ilé sì ti fẹnu kò pé ẹni tó bá sọnù, gbọ̀ngàn yẹn ni kó ti dúró.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ lo àkókò sí jù ni ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní Ocean Voyager. Bernie Marcus, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé ìtajà Home Depot sílẹ̀, ló fi $250 mílíọ̀nù tọrẹ kí wọ́n lè kọ́ Georgia Aquarium yìí. Wọ́n ṣí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, kò sì sí irú rẹ̀ tó tóbi tó o láyé títí ti Singapore fi borí rẹ̀ ní 2012. Adágún Ocean Voyager nìkan gba gálọ́ọ̀nù omi tó mílíọ̀nù 6.3, nítorí ẹja ńlá tí wọ́n ń pè ní whale shark ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ tóbi tó bẹ́ẹ̀. Òkun ò sí nítòsí Atlanta. Omi ẹ̀rọ ìlú ni wọ́n ń po iyọ̀ mọ́ títí á fi bá ti òkun mu. Kò sí ẹja tó tóbi ju whale shark lọ láyé, síbẹ̀ ohun wẹ́wẹ́ inú omi ló ń sẹ́ jẹ. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ ṣáájú, kí ẹ̀rù má bàa bà wọ́n nígbà tí ó bá kọjá lórí wọn.

Ó máa kọjá lórí wọn lóòótọ́, torí ọ̀nà kan gba abẹ́ omi náà, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Ilẹ̀ apá kan níbẹ̀ ń rìn fúnra rẹ̀, ẹni tó bá dúró sórí rẹ̀ á dé òdìkejì kó tó mọ̀. Ẹ bọ́ sí apá tí kì í rìn, kí ẹ lè dúró wòkè. Níwájú, ẹ máa dé ibi fèrèsé tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 61, tó ga tó 23, tó sì nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì gbáko. Ẹ jókòó síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ya fọ́tò kan, wọ́n á sì kọjá, ó sì máa ń dùn mí fún wọn, nítorí ẹja ńlá ò lè yí adágún náà ká ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá dúró ló máa rí wọn bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀. Ẹ pa iná fóònù yín tí ẹ bá fẹ́ ya àwòrán, dígí yẹn á kàn dá iná náà padà sójú yín ni.

Eré dọ́fíìnì ní aago tirẹ̀. Gbàrà tí ẹ bá wọlé ni kí ẹ ti wo aago yẹn, kí ẹ wá fi ìyókù ọjọ́ yí i ká. Ní ìsọ̀rí Cold Water Quest, ẹ máa rí ẹyẹ pẹ́ńgúìnì tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà wa, láti etíkun South Africa àti Nàmíbíà, tí kò mọ yìnyín rárá. Àwọn ọ̀nì àfín wà ní ìsọ̀rí River Scout. Níbi tí wọ́n ti gbà kí èèyàn fọwọ́ kan ẹja, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ fi omi fọ ọwọ́ rẹ̀, kó sì rọra ṣe é bí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá ṣe sọ.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín kò fẹ́ ariwo tàbí iná tó ń tàn yanran, ẹ má fi pa mọ́ rárá. Láti 2018 ni wọ́n ti gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ wọn bí a ṣe ń gba ọmọ tó ní autism, ìyẹn ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń gba nǹkan lọ́nà tó yàtọ̀, mọ́ra. Ẹ béèrè, wọ́n á ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹsẹ̀ bá ń dun màmá, ẹ béèrè àga onítáyà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ má dúró dìgbà tó bá rẹ̀ wọ́n.

Ní ti ọkọ̀, ilé náà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, ṣùgbọ́n owó ni. Àwọn tó ń gbé níhà Stone Mountain lè gbé mọ́tò wọn sí ibùdókọ̀ Indian Creek, níbi tí wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ, kí wọ́n wọ reluwé MARTA aláwọ̀ búlúù. Ibùdó tó tẹ̀ lé Five Points ni kí ẹ ti sọ̀, kí ẹ wá gba inú Centennial Olympic Park fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ẹni tó bá wọ pupa tàbí góòlù lè sọ̀ ní Peachtree Center. Kí ẹ tó yan ọjọ́, ẹ wò ó bóyá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Falcons tàbí Atlanta United ní ìdíje ní Mercedes-Benz Stadium lọ́jọ́ náà, nítorí ìtòsí ibẹ̀ ni pápá náà wà, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ọkọ̀ ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré.